Ọjọ́ Mẹ́ta Pẹ̀lú Ìgbì Abẹ́ Ilẹ̀: Àyẹ̀wò Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Kan Ní Ilé-Ifẹ̀

Ní oṣù tó kọjá, mo san 45,000 náírà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan ní Ilé-Ifẹ̀, lórí bí a ṣe ń fi ìwádìí seismic, ìyẹn rírán ìgbì wọ ilẹ̀ kí a sì gbọ́ ohun tí ó bá padà, mọ̀ bóyá ibì kan lábẹ́ ilẹ̀ yẹ fún kíkó gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ́sáìdì, èyí tí a máa ń kọ ní CO2, pamọ́ sí kí ó má baà wọ inú afẹ́fẹ́. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kékeré kan ló ṣètò rẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí ẹ̀sùn tí mo ní kò tó èyí tí ó yẹ kí ó ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́, mo sì ti sọ gbogbo rẹ̀ lójú wọn kí n tó jókòó kọ èyí. Kí n tètè sọ ìdájọ́ mi: owó mi kò ṣòfò, ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí ó ṣòfò kò sí nínú ìwé ìpolówó wọn. Àwòrán aláràbarà lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n polówó; ohun tí mo bá pàdé ni ọkùnrin kan tí ó kọ́ wa pé kí a má ṣe yára gba àwòrán gbọ́.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Iléṣà ni mo ń gbé, omi wíwá sì ni iṣẹ́ mi: bí ẹnìkan bá fẹ́ gbẹ́ bọ́hóòlù, èmi ni n ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń rán iná mànàmáná wọ inú ilẹ̀, kí n lè sọ ibi tí àpáta ti fọ́ tí omi sì lè wà. Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ ní yunifásítì, mo sì ti gbàgbé ìdajì ìṣirò tí wọ́n kọ́ wa. Ojú ẹni tí ó mọ̀ díẹ̀ ni mo fi wo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, n kò wò ó bí ọ̀gá, n kò sì wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan rí. Àwa 17 ni a wá. Ó lé ní ìdajì wa tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́; àwọn yòókù jẹ́ awakùsà, oníṣẹ́ omi bíi tèmi, àti bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí ó sọ pé òun kàn fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ lórí rédíò ni.

Olùkọ́ wa ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn tí ń wá epo kí ó tó padà wálé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, kò tan kọ̀ǹpútà rárá. Ìkòkò amọ̀ méjì ló gbé ka orí tábìlì, ó fi oríkèé ìka kan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bi wá pé èwo ni a ó rà. Èkíní dún gbọnrangandan. Ohùn èkejì há bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Gbogbo ẹni tí ó ti bá ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà ìkòkò rí ló mọ ìdáhùn, kò sì sí ẹni tí ó yọjú wo inú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Láti ibẹ̀ ló ti mú wa wọ inú ọ̀rọ̀. Ibi tí a ó kó CO2 sí lábẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe ihò ńlá bí àká tàbí bí kànga, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò. Òkúta yanrìn ni, tí ó kún fún ihò wínníwínní láàárín hóró kan àti èkejì, omi iyọ̀ ló sì wà nínú àwọn ihò náà tẹ́lẹ̀. Lórí òkúta yanrìn yìí, òkúta amọ̀ tí ó nípọn tí kò sì ń jò gbọ́dọ̀ wà bí ìdérí, nítorí CO2 fúyẹ́ ju omi iyọ̀ lọ, òkè ni yóò sì máa wá ọ̀nà lọ nígbà gbogbo. Ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jìn tó nǹkan bí 800 mítà, kí ooru rẹ̀ lè ju ìwọ̀n 31 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì lọ, kí ìtẹ̀ rẹ̀ sì ju ìlọ́po 73 ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká lọ. Ní irú ibẹ̀, gáàsì náà a ki jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bí omi, èyí tí ó pọ̀ gan-an a sì gba àyè kékeré.

Kíkan ìkòkò gan-an ni ìwádìí seismic. Lórí òkun, ọkọ̀ ojú omi a máa wọ́ ìbọn afẹ́fẹ́ àti okùn gígùn tí ó kún fún ẹ̀rọ ìgbóhùn lẹ́yìn; lórí ilẹ̀, ó lè jẹ́ ọkọ̀ ńlá tí ń gbọn ilẹ̀, ó sì lè jẹ́ àdó kékeré tí a rì sínú ihò. Ìgbì a wọ ilẹ̀ lọ, ibikíbi tí òkúta bá ti yí padà, díẹ̀ nínú rẹ̀ a darí sókè, a ó sì kọ àkókò tí ó fi lọ tí ó fi bọ̀ sílẹ̀. Mo ti ka èyí nínú ìwé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí ó fi ìṣẹ́jú 40 dúró lórí ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó tẹ̀lé e: kí ni a ń wá nínú ohùn náà? Lójú olùkọ́ wa, rírí òkúta yanrìn ni iṣẹ́ tí ó rọrùn jù. Ìdérí ni kí a tẹjú mọ́, bóyá ó tẹ́ lọ láìjá, bóyá ilẹ̀ ti ya gba inú rẹ̀ kọjá, bóyá kànga epo àtijọ́ kan ti lu ú. Ìgbì lè fi ibi tí ilẹ̀ ti ya gidigidi hàn wá, ṣùgbọ́n kò lè rí kànga àtijọ́ tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ ju àwo ọbẹ̀ lọ. Inú ìwé àkọsílẹ̀ ni a ó ti wá ìyẹn.

Ọjọ́ kejì ni ó tó iye owó tí mo san. Sleipner ni a fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà wò, ní Òkun Àríwá, ní ìhà ti orílẹ̀-èdè Nọ́wè. Gáàsì ìdáná tí wọ́n ń wà níbẹ̀ ní CO2 tó nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ ju 2.5 lọ kí wọ́n tó lè tà á. Ìjọba Nọ́wè náà sì ti ń gba owó orí lórí CO2 láti 1991, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá tú u sínú afẹ́fẹ́ yóò sanwó rẹ̀. Láti 1996 ni wọ́n ti ń yọ ọ́ sọ́tọ̀, tí wọ́n sì ń tì í wọ inú òkúta yanrìn Utsira, ní nǹkan bí 1,000 mítà sísàlẹ̀, iye rẹ̀ sì súnmọ́ tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù kan lọ́dún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ó sọ ibẹ̀ di ilé-ẹ̀kọ́ fún gbogbo ayé ni pé wọ́n ti ya àwòrán ìgbì ibẹ̀ ní 1994, ọdún méjì kí gáàsì tó wọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà lọ ní 1999, ní 2001, àti léraléra lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní ohun tí wọn yóò fi wé e. Wọ́n ti gbé àwọn àkọsílẹ̀ náà síta lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́, àwọn ni a sì lò.

Olùkọ́ wa gbé àwòrán 1994 àti èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú ti àkọ́kọ́, inú Utsira fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Nínú èkejì, ìlà dídán mẹ́sàn-án wà léra wọn bí àwo tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n tò sórí pẹpẹ. Ìpele gáàsì mẹ́sàn-án ni. Àwọn ìpele amọ̀ tín-ín-rín, tí púpọ̀ nínú wọn kò nípọn ju nǹkan bí mítà kan lọ, ni ó ń dá gáàsì náà dúró kí ó tó rí ọ̀nà gba àárín wọn lọ sókè. Wọ́n tín-ín-rín jù fún àwòrán 1994 láti fi hàn. Gáàsì fúnra rẹ̀ ni ó tú àṣírí wọn.

Lẹ́yìn náà ló ní kí a wo ìsàlẹ̀. Àwọn ìpele òkúta tí ó wà lábẹ́ gáàsì, tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ ní 1994, ti tẹ̀ wọnú bí ibùsùn tí ẹni ńlá kan jókòó lé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́yìn mi pariwo pé ilẹ̀ ti rì. Ilẹ̀ kò rì. Ìgbì tí ń sáré ní nǹkan bí 2,050 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú yanrìn olómi iyọ̀ lè dín sí nǹkan bí 1,450 níbi tí CO2 bá wà. Ìránṣẹ́ tí ó gba inú ẹrẹ̀ a máa pẹ́ kí ó tó dé, ẹni tí kò sì mọ ọ̀nà tí ó gbà a rò pé ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ ọ̀nà. Àkókò nìkan ló mọ̀.

Ohun tí n kò tíì gbàgbé títí di òní ni ìbéèrè bàbá tí ó ti fẹ̀yìn tì yẹn: bí a bá rí gáàsì lórí àwòrán, ṣé a lè ka iye rẹ̀, kí a sì fi wé iye tí ilé-iṣẹ́ náà sọ pé òun tì wọlẹ̀? Olùkọ́ dáhùn pé ó nira ju bí àwọn tí ń ta àwòrán ṣe ń sọ ọ́ lọ. CO2 bíńtín nínú omi iyọ̀ ti tó láti mú kí ìyára ìgbì já wálẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà, bí gáàsì tilẹ̀ di ìlọ́po púpọ̀, ìyára náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́. Ẹni tí ó gbọ́ òórùn ẹja yíyan mọ̀ pé ẹja wà lórí iná, ṣùgbọ́n kò lè fi òórùn ka ẹja. Ó fi kún un pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí bí gáàsì bá pòpọ̀ mọ́ omi dọ́gba. Bí ó bá wà ní òkìtì òkìtì, ìyára náà a máa dín kù díẹ̀díẹ̀ bí gáàsì ṣe ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ èwo ni ó wà nísàlẹ̀ fún wa? Ìṣòro kejì ni ti ìnípọn. Ó ní kí a ṣírò rẹ̀ fúnra wa: bí ìgbì bá ń sáré ní 2,000 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá, tí ó sì ń mì ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá náà, gígùn rẹ̀ jẹ́ 40 mítà, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 10 mítà. Ìpele tí kò bá nípọn tó 10 mítà, a lè mọ̀ pé ó wà, ṣùgbọ́n ohùn òkè rẹ̀ àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wọnú ara wọn. Ọdún kẹjọ nìyí tí mo ti ń fi àwòrán abẹ́ ilẹ̀ gbowó lọ́wọ́ àwọn tí ń gbẹ́ bọ́hóòlù, ojú sì tì mí níbi tí mo jókòó sí, nítorí n kò rántí ìgbà tí mo sọ fún oníbàárà kan rí pé ohun tí ẹ̀rọ mi lè rí ní ìwọ̀n.

Ó sáré kọjá lórí Snøhvit, tí ó wà ní Nọ́wè bákan náà, níbi tí ìtẹ̀ ti ga ju bí wọ́n ti retí lọ lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2008, tí wọ́n sì ní láti lọ sí ìpele òkúta mìíràn ní 2011. Ó dùn mí pé ó sáré, nítorí ibẹ̀ ni ìgbì ti ní láti fi ìyàtọ̀ hàn láàárín gáàsì tí ó tàn kálẹ̀ àti ìtẹ̀ tí ó ga. Ó lo àkókò díẹ̀ sí i lórí In Salah ní Àlùjéríà, bóyá nítorí pé Áfíríkà ni. Níbẹ̀, láàárín 2004 àti 2011, wọ́n ti CO2 tí ó tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 3.8 wọ inú òkúta yanrìn tí kò nípọn ju nǹkan bí 20 mítà lọ, ní nǹkan bí 1,900 mítà sísàlẹ̀. Sátẹ́láìtì rí i pé ojú aṣálẹ̀ ń wú sókè ní mìlímítà mélòó kan lọ́dún. Àwòrán ìgbì tí wọ́n yà lẹ́yìn náà sì fi àmì hàn pé òkúta lè ti bẹ̀rẹ̀ sí ya lókè ibi tí gáàsì wà. Wọ́n dá títì í wọlẹ̀ dúró ní 2011. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò béèrè nǹkan kan lórí èyí, ebi ti ń pa wọ́n.

Ẹ̀sùn mi wá nìyí. Ìwé ìpolówó sọ pé olúkúlùkù yóò ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Mẹ́rin péré ni a bá níbẹ̀ fún ènìyàn 17, ọ̀kan nínú wọn sì lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè jẹ bọ̀ọ̀lì kan tán kí ó tó yí àwòrán po. Wọ́n mú iná lọ ní agogo 11 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, jẹnẹrétọ̀ kò sì ní epo. Ìṣẹ́jú 90 ni a fi jókòó kí ẹni tí wọ́n rán lọ sí Lágéré tó dé. Olùkọ́ fi àkókò yẹn ya àwòrán sójú pátákó, bí mo bá sì fẹ́ sọ òtítọ́, ohun tí ó yé mi jù nípa ìgbì yé mi nígbà tí kò sí iná. Síbẹ̀, ẹni tí ó gba owó kọ̀ǹpútà kò yẹ kí ó fún ènìyàn ní ṣọ́ọ̀kì. Ní ti ìdajì owó tí ó ṣẹ́kù, wọ́n dúró tì wá lẹ́nu ọ̀nà bí òṣómàáló títí a fi san án, èyí tí ó pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí àwọn baba wa ní Iléṣà ni ó ni orúkọ yẹn. Oúnjẹ ọ̀sán dára púpọ̀: iyán tí kò ní kókó àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ìjẹ̀ṣà ni mí, kì í sì í yá wa lára láti yin iyán ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n kó wa lọ sí pápá kan ní ọ̀nà Ẹdẹ, pẹ̀lú òòlù ńlá kan, àwo irin kan, àti jíófóònù 24, tí í ṣe ohun kékeré onísóńsó tí a ń gún mọ́lẹ̀ láti gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mì. A tò wọ́n sórí ìlà kan, mítà márùn-ún síra. Díẹ̀ nínú wọn bọ́ sórí ebè iṣu àtijọ́, kò sì sí ẹni tí ó ka ìyẹn sí. A ń gba òòlù lọ́wọ́ ara wa láti lu àwo irin náà, a sì ń dákẹ́ bí ọ̀kadà bá ń kọjá, nítorí jíófóònù kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òòlù àti ọ̀kadà. Ìgbì rìn ní nǹkan bí 400 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá nínú ilẹ̀ òkè, ó sì ju 4,000 lọ nígbà tí ó kan àpáta. Inú mi dùn sí ọjọ́ náà ju bí mo ti rò lọ, nítorí mo lè lo ọ̀nà yìí fún iṣẹ́ omi àti fún ìpìlẹ̀ ilé lọ́la.

Ṣùgbọ́n ṣé èyí ni a fi ń yan ibi tí a ó kó CO2 sí? Rárá. Òòlù kò lè rí ibi tí ó jìn tó 800 mítà, àpáta tí Ifẹ̀ àti Iléṣà jókòó lé kò sì ní ihò tí gáàsì lè wọ̀. Ó yẹ kí ìwé ìpolówó sọ ọ́ gbangba, nítorí àwọn méjì kan nínú wa wá pẹ̀lú ìrètí pé a ó wá irú ibẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Awakùsà kan béèrè nípa òkúta dúdú tí ó wà ní agbègbè Iléṣà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní amphibolite, nítorí ó ti gbọ́ pé àwọn Carbfix ní Iceland ń po CO2 mọ́ omi, wọ́n ń tì í wọ inú òkúta tí ó ti inú òkè ayọnáyèéfín wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń di òkúta láàárín ọdún méjì. Ìdáhùn tí ó gbà dára: òkúta ti Iceland ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ó sì kún fún ihò, tiwa ti dàgbà púpọ̀, ooru àti ìtẹ̀ ti yí i padà, ihò rẹ̀ sì ti dí, yàtọ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ti ya, bí ó ti ya gba agbègbè Ìfẹ̀wàrà kọjá. Ó tún sọ ohun kan tí n kò mọ̀, pé níbi tí gáàsì bá ti di òkúta, ìgbì kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Èròjà àmì tí wọ́n pò mọ́ omi ni wọ́n fi ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ pátápátá ni Niger Delta. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí epo ní Oloibiri ní 1956 ni ìgbì ti ń wọ ilẹ̀ agbègbè yẹn lọ tí ó ń bọ̀; yanrìn àti amọ̀ inú ìpele òkúta tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Agbada wà léra wọn níbẹ̀, ilẹ̀ ti ya ní ọ̀pọ̀ ibi, kànga àtijọ́ sì pọ̀. Gbogbo ìbéèrè ọjọ́ kìn-ín-ní nípa ìdérí ló wà níbẹ̀, nílé wa. Mo mọ̀ pé àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn ní olówó, wọn kì í sì í fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, ṣùgbọ́n àwòrán kan ṣoṣo láti inú ìwé tí gbogbo ayé ti rí ì bá tó láti fi ìṣẹ́jú 30 jiyàn lé lórí. Èmi ì bá sì fi ọ̀sán Snøhvit àti In Salah gígùn sí i rọ́pò wákàtí tí a fi ń tò lẹ́yìn kọ̀ǹpútà mẹ́rin.

Ẹni tí ó bá ti kọ́ nípa ilẹ̀ díẹ̀ lè lọ, kí ó mú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ dání, kí ó sì béèrè kí ó tó sanwó bóyá olùkọ́ yìí kan náà ni yóò kọ́ni. Bí ẹlòmíràn bá ni, n kò lè ṣe onídùúró. Ní ti ẹni tí kò kọ́ nípa rẹ̀ rí, ọjọ́ kìn-ín-ní nìkan ni yóò yé e, 45,000 náírà sì ti pọ̀ jù fún ìkòkò méjì.

Mo ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ pápá ọ̀nà Ẹdẹ ránṣẹ́ sí mi, wọ́n sì fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ méjì, láìgba kọ́bọ̀. Mo jókòó tì í ní alẹ́ mẹ́ta ní Iléṣà, mo fi ọwọ́ ara mi yan ibi tí ìgbì ti kọ́kọ́ dé sórí jíófóònù kọ̀ọ̀kan, mo sì rí àpáta ní mítà 9, níbi tí wọ́n ti sọ fún wa ní pápá pé 11 ni. Mo fi ìṣirò mi ránṣẹ́ sí olùkọ́, inú mi sì ń dùn díẹ̀. Kò sọ pé mo gba á, kò sì sọ pé mo ṣì í. Ó kàn béèrè ìdí tí mo fi fa ìlà mi gba orí jíófóònù kẹrin, nígbà tí a jọ rí i pé orí ebè ló dúró sí.